Ẹnu Ọmọ Ọdún Méje

Kí omi tí Màmá Morádékẹ́ gbé kaná tó hó ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ìlẹ̀mọ́ tó wà lápá Ańjọlá ti kú.

Ìlẹ̀mọ́ náà kò tóbi ju ewé ọsàn lọ. Ó rọ̀ bí awọ ikùn ọmọ alángbá, ojú kékeré kan sì wà láàárín rẹ̀ tó máa ń tàn bí oògùn ṣe ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Láti ọdún méjì tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ lára, ojú yẹn kò pajú dé rí, ìbáà ṣe òjò, ìbáà ṣe ọyẹ́. Àfi lónìí. Ó ṣú bí ojú ẹja ọjọ́ mẹ́ta.

Màmá fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún. Ó fi èékánná kàn án kọ́kọ́kọ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ẹni tó mọ̀ pé ó wà nílé.

"Ṣé o fi ha ògiri ni?"

"Rárá, mà."

"Àbí o fi ọṣẹ fọ̀ ọ́? Sọ òótọ́, n ò ní nà ọ́."

"Rárá o, mà. Bí mo ṣe jí ni mo bá a bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, kò ká wọn kò. Màmá rí i pé kò ká wọn kò. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde mọ ohun tó ń bọ̀ bí ọmọ bá na ẹsẹ̀ tí kò fẹ́ ká a. Egungun ti ń bínú nìyẹn. Láìsí oògùn, ọ̀sán kò ní pọ́n tán kí ìrora tó gba gbogbo ẹsẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, á ti dé àyà. Darasími, ọmọ tí Màmá fi inú ara rẹ̀ bí, ìyá Ańjọlá, àyà ni ó gbà lọ, nígbà tí ìlẹ̀mọ́ kò tíì gun òkè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Etí tó wà lára ògiri dún píìn, bó ṣe máa ń dún ní gbogbo àárọ̀. Kò sí ilé kan ní Orí-Àpáta tí kò ní Etí. Ó rí bí ìdérí ìkòkò amọ̀, ohùn obìnrin ló fi ń sọ̀rọ̀, ohùn tútù bí ohùn ìyálé tó ń wá ojúure.

"Ańjọlá, ọmọ dáadáa, báwo ni ara?"

Ańjọlá fọwọ́ ti ilẹ̀, ó yí, ó kúnlẹ̀. "A dúpẹ́, mà. Ara le."

"Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní búrẹ́dì méjì, tí ìwọ kò ní, kí lo máa ṣe?"

"Màá kí i kú oríire, mà."

"Oúnjẹ ńkọ́? Báwo lo rò pé ó máa rí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Ó máa dáa, mà, lágbára Ọlọ́run."

"O ṣeun, ọmọ dáadáa." Etí dákẹ́.

Tẹ́lẹ̀, inú Màmá a máa dùn bó bá gbọ́ ìdáhùn wọ̀nyí. Òun ló kọ́ ọ, bí ìyá tó bí òun náà ṣe kọ́ òun nígbà tí òkun kò tíì gbé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ mì, tí àwọn ènìyàn kò tíì máa sá gun orí àpáta. A kì í fi àìsàn kí ènìyàn láàárọ̀. Ẹni tó bá ń ka ìyà rẹ̀ síta, ìyà á gba àga, á jókòó tì í. Wọ́n á bi ọ́ pé báwo ni, wàá ní a dúpẹ́. Kódà kí ilé ẹ máa jó lẹ́yìn ẹ, wàá kọ́kọ́ ní a dúpẹ́ ná kó o tó ní ẹ gbà mí. Ọmọ tó bá mọ èyí, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni.

Lónìí kò dúró gbádùn kankan. Ó rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ó fi aṣọ dì í mọ́ orúnkún ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí ó gùn ún lẹ́yìn, ó di Ilé Ìbéèrè, ilé àwọn tó ń pín oògùn àti oúnjẹ.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: obìnrin ọlọ́dún méjìdínlọ́gọ́rin, ó pọn ọmọ ọdún méje, ó ń gun òkè. Ọmọ náà fúyẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń ba Màmá lẹ́rù. Ó ti gbé igi ìdáná tó wúwo jù ú lọ.

Ìlà ti gùn kọjá ẹnu ọ̀nà Ilé Ìbéèrè nígbà tí wọ́n débẹ̀. Bàbá Gbọ́láhàn wà níwájú wọn, ó jókòó sórí àpò òfìfo. Ẹgbẹ́ Màmá ni, wọ́n jọ ṣeré òṣùpá ní ìsàlẹ̀, kó tó di pé ìsàlẹ̀ di omi.

"Háà! Morádékẹ́ ọmọge!" ni bàbá náà pariwo. "O ti tún bímọ ni? Ọmọ yìí mà tóbi lójú kan o."

"Ẹnu ẹ ò ní kú, Gbọ́láhàn. Eyín nìkan ló kú níbẹ̀."

Àwọn èèyàn orí ìlà rẹ́rìn-ín. Màmá sọ ọmọ kalẹ̀, ó ní kí ó jókòó sórí àpò. Bàbá Gbọ́láhàn sún fún un.

"Kí ló gbé ẹ wá?" ni Màmá bi í.

"Gàrí. Kóńgò mẹ́ta ló ń wọ ilé mi tẹ́lẹ̀, ó di méjì, ó wá di ọ̀kan. Mo wá bi wọ́n léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan fi ẹ̀rín dá mi lóhùn, ó ní ìlú ló sọ pé ó máa dáa. Ó ní àwọn oníwàádìí ti rí i pé ohun tí ará ìlú bá gbà gbọ́ nípa oúnjẹ ni oúnjẹ máa dà. Ìlú tó bá gbà pé oúnjẹ ń pọ̀ sí i, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ sí i ṣe? Wọ́n darí ọkọ̀ síbi tí wọ́n ti ń sunkún."

"Ta ló sọ fún wọn pé ó ń pọ̀ sí i?"

"Ará ilé rẹ ńkọ́! Ará ilé mi ńkọ́! Gbogbo ìlú!" Bàbá Gbọ́láhàn lu itan rẹ̀. "Ìyàwó ọmọ mi, ebi ń pa á tó fi ń rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan. Etí bi í, ó ní kò burú, ó máa dáa. Mo ní, 'Ìyàwó, èwo ló dáa níbẹ̀?' Ó ní, 'Bàbá, ṣé kí n wá fi ẹnu ara mi gégùn-ún fún ọ̀la ni?'"

"Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i."

"Àmín o. Ṣé o rí ara ẹ báyìí? Ìwọ náà ti tún sọ ọ́."

Gbogbo ìlà tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò lọ jìnnà. Ańjọlá kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ti fi orí ti ẹ̀gbẹ́ Bàbá Gbọ́láhàn, ó di ojú.

Bàbá náà wò ó, ó wo ìlẹ̀mọ́ tó ṣú. Àwàdà kúrò lójú rẹ̀. Ó dìde, ó fa ọmọ náà lọ́wọ́ sókè díẹ̀díẹ̀. "Gba ipò mi," ó ní fún Màmá. "Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú àánú wò wá, ẹ jẹ́ kí ìyá yìí kọjá. Gàrí tiwa lè dúró."

Wọ́n yà fún un. Bí Màmá ṣe dé iwájú gíláàsì nìyẹn, oòrùn kò tíì dé àárín ọ̀run.

Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì ń jẹ́ Tiwalọlá. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, ó gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, aṣọ rẹ̀ funfun. Ó dìde díẹ̀ kúrò lórí àga, ó tẹ orúnkún. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ìdúró."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìlẹ̀mọ́ ọmọ yìí ló bàjẹ́. Ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá, egungun ti ń bẹ̀rẹ̀."

Tiwalọlá fi ọwọ́ pa iwájú gíláàsì, ìwé yọ sójú rẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. "Kò bàjẹ́, mà. Wọ́n pa á ni."

"Ta ló pa á?"

"Ọmọ fúnra rẹ̀ ni, mà. Ọmọ yín pé ọdún méje ní oṣù tó kọjá. Kí ó tó pé méje, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ la máa ń wò. Bó ṣe pé méje, ẹnu rẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ la ti fi bi í pé báwo ni ara, ọgbọ̀n ìgbà ló ní ara òun le. Oògùn yẹn kò tó nǹkan, mà. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti le, a máa ń gbé tirẹ̀ fún ẹni tó kàn. Ọmọkùnrin kan ní òdìkejì àpáta ti gba tirẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Màmá kò kọ́kọ́ lóye. Ó dà bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé àdúrà tó ń gbà ló ń pa ọmọ rẹ̀.

"Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀," ó ní. "Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un báyìí, kí ẹ wò ó."

"Òfin kò gbà wá láyè mọ́, mà. Ẹni tó bá ti lè sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ju ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe ìwádìí lórí ọkàn ọmọdé ní ọmọ ọdún méje kò tíì mọ irọ́ pa."

"Èmi ńkọ́? Kí ẹ bi èmi tí mo ń tọ́ ọ."

Ojú ti Tiwalọlá. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní àádọ́rin, wọn kì í bi yín, mà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àná lẹ máa ń sọ."

"Irọ́ kọ́ ni ọmọ yìí pa, Tiwalọlá. Ọmọlúàbí ló ń ṣe."

"Kò sí àyè fún ìyẹn nínú ìwé, mà."

Wọ́n wo ara wọn láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gíláàsì. Ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ gbé ojú kúrò. Ó ní ààyè kan wà ṣáá. Wọ́n lè tún ọmọ bi, ẹ̀ẹ̀kan péré, níwájú Etí ńlá. Bó bá sọ pé ara òun kò yá, wọ́n á dá a padà sórí ìlà olóògùn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ kí ó tó dáhùn. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú sí i.

"Ẹ tún un bi," ni Màmá wí.

Etí ńlá wà lára ògiri àárín, ó fẹ̀ tó ìsaasùn tí wọ́n fi ń se oúnjẹ òkú. Tiwalọlá mú Ańjọlá lọ́wọ́ dé iwájú rẹ̀. Ọmọ náà ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún, ó wẹ̀yìn wo Màmá. Màmá gbé ojú sí òrùlé. Ó ń pe ọmọ náà nínú ọkàn: sọ ọ́, ọmọ mi, sọ ọ́, lónìí nìkan, ya aláìgbọ́n fún mi lónìí nìkan.

"Ańjọlá, ọmọ dáadáa," ni Etí wí pẹ̀lú ohùn ìyálé yẹn. "Báwo ni ara?"

Ọmọ kì í dúró dá àgbà lóhùn. Ańjọlá wo ilẹ̀, ó wo orúnkún rẹ̀, ó mí sínú. Ó wá kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, orúnkún tí kò ṣeé ká láàárọ̀, ó fi gún ilẹ̀ òkúta. Omi lé sí i lójú. Kò jẹ́ kó já bọ́.

"A dúpẹ́, mà," ó wí. "Ara le."

Àwọn ìyá méjì tó wà níwájú ìlà rọra sọ pé, "Ọmọ gidi." Wọ́n ń yìn ín. Màmá gbọ́ ìyìn náà bí ẹni gbọ́ òkò lórí páànù.

Òun náà rántí. Ní àárọ̀ tí Darasími máa kú, òun wọ yàrá tọ̀ ọ́, òun ní, báwo ni, ọmọ mi. Darasími ní, "Ara ti ń fúyẹ́, Màmá." Òun sì jáde lọ wá ẹ̀fọ́. Òun lọ wá ẹ̀fọ́! Ìgbà tí òun padà dé, ara ti fúyẹ́ lóòótọ́. Ọdún márùn-ún ni Màmá ti fi ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ọmọ òun kú bí ọmọlúàbí, kò da ẹnikẹ́ni láàmú.

"Ó ku nǹkan kan," ni Tiwalọlá wí. Ó ti jáde láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. N kò fẹ́ sọ ọ́ fún yín. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ki ọ̀rọ̀ bọ ọmọ lẹ́nu, tí ẹni náà sì jẹ́wọ́, gbogbo ohun tí ọmọ ti sọ ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n á mú ọmọ lọ sí Ilé Ọmọ, níbi tí á ti kọ́ bí á ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ní oògùn tiwọn lọ́tọ̀. Ó máa gba ìlẹ̀mọ́ kí n tó ka ogún."

"Ẹni tó ki ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu ńkọ́?"

"Kò gbọdọ̀ fojú kàn án títí ọmọ fi pé ọdún mẹ́rìnlá."

Méje àti méje. Màmá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìyẹn kò nílò ìwé. Òun á ti di ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Ta ló ń bá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin dá ìpàdé ọdún méje?

"Ẹ lọ ronú sí i, mà. Ẹ padà wá lọ́la."

Màmá wo Ańjọlá. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Kì í ṣe ìkíni mọ́. Kò lè dìde ni.

"Ọ̀la ta ni?" ni Màmá wí. Ó lọ dúró níwájú Etí ńlá, Etí tí kò bi í ní ohunkóhun rí, ó sì la ẹnu. "Èmi Morádékẹ́, èmi ni. Èmi ni mo ki ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo ní bó bá ń dùn ún kó ní kò dùn ún. Ìgbà kan tó sunkún níwájú àlejò, mo gbá a lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Èmi ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Lórí ìlà, Bàbá Gbọ́láhàn ti ṣí fìlà.

"Ańjọlá," ni Etí wí, "ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọmọ náà wo ìyá ìyá rẹ̀. Kò mọ èwo ni ìwà rere nínú kí ó gbà àti kí ó kọ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ títí ojú wọn fi ṣe déédéé.

"Sọ ọ́. N kò ní bínú. Sọ bó ṣe ń ṣe ọ́."

"Gbogbo rẹ̀, mà?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ó ń dùn mí," ni Ańjọlá wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Ó ń dùn mí ní orúnkún. Àti ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ ìsinmi ọwọ́ ló dùn mí, ìdí tí mo fi fọ́ àwo nìyẹn, mi ò ṣeré. Tílẹ̀ bá ṣú mo máa ń ki etí aṣọ bọ ẹnu, mo máa ń gé e jẹ, kẹ́ ẹ má baà jí. Ó ti rẹ̀ yín. Ebi náà ń pa mí. Mi ò lè kí ẹnikẹ́ni kú oríire búrẹ́dì, màá já a gbà ni." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún gan-an, ẹkún tí ń jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn. "Ó ń dùn mí, Màmá, ó ń dùn mí, ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí."

Etí tó máa ń wí pé o ṣeun kò wí i lọ́tẹ̀ yìí. Iná kan tàn lórí rẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ sì ṣí. Nọ́ọ̀sì méjì jáde pẹ̀lú ibùsùn onítáyà, wọ́n gbé ọmọ lé e. Màmá di ẹsẹ̀ ibùsùn mú. Wọ́n fi sùúrù tú ìka rẹ̀ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Tiwalọlá mú wàláà kan wá. Ó ń sunkún, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ. "Ẹ tẹ ìka yín síbí, mà. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fún ẹni tó tọ́ ọmọ ní ìlà mẹ́ta, láti fi sọ ohun tó yẹ kí àwọn tó wà nínú mọ̀ nípa rẹ̀."

"Ìlà mẹ́ta? Ọdún méje, ìlà mẹ́ta?"

"Ẹ máa wí, mà. Èmi ni màá kọ ọ́."

Màmá tẹ ìka. Ó nu ojú. "Kí wọ́n má fún un ní omi tútù. Omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kó sì máa mu ún ní gbogbo ìgbà." Tiwalọlá kọ ọ́. "Apá òsì ló fi ń sùn. Kí wọ́n ká aṣọ sí i lábẹ́ orúnkún." Ó kọ ọ́.

Ó ku ọ̀kan. Màmá la ẹnu láti sọ fún wọn pé Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀, pé bí òru bá bà á lẹ́rù, bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, oorun á gbé e lọ. Pé kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ oríkì náà, bí òun bá kú kí ọdún méje tó pé, ó ti tán nìyẹn.

"Kò lè di mẹ́rin, ọmọ mi?"

"Kò lè ṣe é, mà."

Màmá gbé oríkì náà mì. "Kọ ọ́ pé bó bá ní ara òun le, kí wọ́n má gbà á gbọ́. Kí wọ́n tún un bi. Kí wọ́n tún un bi lẹ́ẹ̀kẹta."

Wọ́n ti ti ọmọ wọ inú. Ilẹ̀kùn gíláàsì pa dé, gíláàsì tí ohùn kì í là kọjá. Màmá lẹ iwájú orí mọ́ ọn. Ó rí nọ́ọ̀sì tó ń ṣí ọ̀ra. Ó rí ìlẹ̀mọ́ tuntun lápá ọmọ, ó rí i tí ojú rẹ̀ là. Ó ń pè é, Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́, èémí rẹ̀ ń ṣú gíláàsì, ó ń fi ọwọ́ nù ún kí ó lè máa rí i. Ańjọlá kò wẹ̀yìn. Ó ti di aṣọ nọ́ọ̀sì mú, ó ń tọ́ka sí orúnkún, ó ń tọ́ka sí ẹ̀yìn, ó gbé ọwọ́ kan sókè kí wọ́n wò ó, ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ rárá. Ó ń rojọ́ ara rẹ̀ fún àlejò.

Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò ó, títí ìyá tó kàn lórí ìlà, tí òun náà pọn ọmọ, fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó yà fún òun.